Ohùn Afúnnilọ́rùn

Aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí Lámídì Ṣówándé wọ Ilé Àwòrán. Ó bọ́ ìbòjú rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó. Ó tú ẹ̀rọ kékeré tó so mọ́ ọrùn, èyí tó ń ké bí afẹ́fẹ́ bá burú. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó lọ tààrà sídìí tábìlì.

Àwọn Ìgbìmọ̀ ìlú ti wá, wọ́n sì ti lọ. Ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtàn wò. Lámídì kà á lórí ìdúró.

"A ti sún Òfin Ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ìtàn yìí nìkan. Ohùn jẹ́ ti olóhùn. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé mú ọ̀kan nínú ohùn rẹ̀ méjèèjì, ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí, kí ògiri àwòrán tó tàn ní aago mẹ́rin."

"Àwọn méjèèje ló fọwọ́ sí i?"

"Àwọn méjèèje, Bàbá," ni Ṣìfáwù dáhùn. "Wọn ò tiẹ̀ jókòó. Tíì tí mo pò fún wọn rèé."

"Gbé e wá."

"Ó ti tutù."

"Mo ní kí o gbé e wá."

Ó mu ife kan. Ó mu èkejì.

Ṣìfáwù ni ọ̀gá Ilé Àwòrán. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Apá rẹ̀ méjèèjì funfun láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, bí ẹni tó tì wọ́n bọ inú ẹfun. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí Ẹsẹ̀-Irà, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè, létí omi. Nígbà tí Lámídì wọlé, orí ìdúró ló wà, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Bó ṣe ń kí i láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Kò kúnlẹ̀ fún un rí.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, Bàbá. Mi ò tíì fojú kàn yín láti ọjọ́ náà."

"O ṣeun."

"Ẹ̀rọ ọrùn ọmọ náà ńkọ́? Ṣé kò ké ni?"

"Ó ké. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ láti orí ọ̀nà." Lámídì gbé ife sílẹ̀. "Ọrùn ni wọ́n so ó mọ́. Kí ọrùn tó dé ìsàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ irà tó ń pani ń sùn sí, eékún ti kanlẹ̀. Èémí méjì ló kù."

Ẹniafẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọmọ Lámídì ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n bá a létí irà lórí ìkúnlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ẹrẹ̀. Òun ni ọmọ kẹrin tó kú láàárín oṣù méjì. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà nínú wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni wọ́n bá wọn. Kò sí ọgbẹ́ lára ẹnì kankan.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn tó wà lórí ògiri báyìí," ni Lámídì wí.

"Bàbá, ṣé lónìí ló yẹ kẹ́ ẹ..."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ṣìfáwù tẹ Òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú rẹ̀. Ó ti wo ìtàn náà, ó rí i pé gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ló ní ìyá, ló ní orúkọ, ló sì ní ohun tó ń dùn ún. Òfin Ìyá nìyẹn: bí ọ̀kan bá dín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ògiri kì í gbé ìtàn.

Ohùn jáde. Ohùn Lámídì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti rọ̀ ọ́, ó ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ òkè, ẹ má sá. Èmi ni Bàbá Irà. Inú omi yìí ni ìyá mi bí mi sí. Mo ti gbó. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni kò kí mi rí."

Ṣìfáwù pa á.

"Ẹnikẹ́ni kò kí mi rí," ni Lámídì wí. "Ta ló kọ ìyẹn?"

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

"Èmi ni. Bó ṣe rí fún wa ni mo ṣe kọ ọ́. Bí a bá gun òkè wá ra iyọ̀, wọn kì í kí wa. Àwa náà ò kúnlẹ̀ fún wọn, wọ́n ní a ò lẹ́kọ̀ọ́. Ta ni yóò kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn tí yóò tún dìde? Ọwọ́ là ń gbé láyà. Ẹ̀yin ará òkè, ẹ pè é ní àfojúdi."

"Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ojú yín sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo débí."

Lámídì yí ife òfìfo náà lórí tábìlì.

"Àgbàlagbà kan sunkún pé ẹnikẹ́ni ò kí òun rí," ó ní. "Ọmọ tí a kọ́ dáadáa gbọ́ ọ. Ó dìde, ó lọ kí i. Èwo ló ṣe tó burú?"

Ṣìfáwù gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹniafẹ́ mọ̀ pé èmi ni. Ẹ̀rọ lọ́ ohùn náà títí, ó ṣì dá a mọ̀. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà nínú omi.' Mo rẹ́rìn-ín."

Níta, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀ iwájú ògiri ńlá, níbi tí àwọn ọmọ máa jókòó sí.

"Ti àtijọ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?" ni Lámídì béèrè.

"Òfin ò ní ká pa á rẹ́. Ó ní ká tì í mọ́." Ṣìfáwù ṣí àpótí irin, ó mú àwo kékeré kan jáde, ó tì í bọ inú Òṣùwọ̀n. Iná pupa tàn.

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀! Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ọmọ òkè! Ọrùn rẹ ni mo ń dúró dè! Èmi Afúnnilọ́rùn! Mi ò ní ìyá, mi ò ní bàbá, ọrùn ọmọ ni oúnjẹ mi!"

Ife orí tábìlì gbọ̀n. Ọwọ́ Ṣìfáwù ti lọ sí ọrùn ara rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó rí i pé Lámídì rí òun. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ké bẹ́ẹ̀ lórí ògiri yẹn," ni Lámídì wí. "Ọmọ kan ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí irà. Ọmọ kan ò kú."

"Ọmọ òkè kan. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ òkè kan ò kú."

"Ọmọ òkè kan."

"Ràímì ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹja gun òkè wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n rí apá funfun rẹ̀, wọ́n ní ọmọ Afúnnilọ́rùn ni. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ òkúta lù ú, ohùn yín ló ń sín jẹ bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Eré ni wọ́n pè é. Mọ́kànlá la sin lọ́dún náà, Bàbá. Ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ tún padà wá ké e lọ́jọ́ kejì."

"Iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ yín ni." Ó mí kanlẹ̀. "Àrìnọlá ọmọ mi ń gun òkè wá síléèwé báyìí. Ọdún kejì rèé. Ó gbé apá funfun rẹ̀ jókòó láàárín wọn, wọ́n ń bá a ṣeré. Wọ́n bi í bóyá ó mọ Bàbá Irà. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni."

"Òpùrọ́ ọmọ."

"Ó ń purọ́ bí ẹni ń mumi." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Lámídì mú àwo náà jáde. Iná pupa kú.

"Ká mú ìtàn náà kúrò pátápátá," ni Ṣìfáwù wí.

"Wọ́n á ṣì máa lọ. Wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀."

"Ká mọ ọgbà."

"Irà ń rìn. Ọgbà èṣí ti wà láàárín omi."

"Kí àwọn òbí sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ ni."

"Èmi fúnra mi sọ ọ́ fún Ẹniafẹ́. Ó bi mí pé irú àwọ̀ wo ló ní. Mo ní kò láwọ̀. Ó ní ṣé ó ń rùn. Mo ní kì í rùn. Ó ní, 'Bàbá, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.'"

Ṣìfáwù rìn lọ síbi fèrèsé, ó rìn padà.

"Kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́," ó ní. "Bàbá Irà. Kó ní kí wọ́n má kúnlẹ̀ fún òun. Òun ni wọ́n ń lọ kí. Wọ́n á gbọ́ tirẹ̀."

Lámídì rò ó. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá ohùn, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n nígbà tó yanu, ohùn náà ṣì kún yàrá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá wá kí mi, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ má dọ̀bálẹ̀. Ẹ dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ láyà. Ìyẹn tó mi."

Nígbà tó jáde, iná Òṣùwọ̀n ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ṣìfáwù ti ránṣẹ́ síléèwé lẹ́yìnkùlé.

Tíṣà Bọ́sẹ̀dé kó ọmọ mẹ́fà wá. Wọ́n tò wọ́n síwájú ògiri kékeré. Ògiri tàn. Bàbá Irà yọ láti inú omi, koríko ní irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí kò sùn. Àwọn ọmọ pariwo ayọ̀. Ó sọ gbólóhùn tuntun náà.

Kó tó sọ ọ́ tán, wọ́n ti wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́rin lórí eékún, ọkùnrin méjì ti na gbalaja, àyà wọn kan sìmẹ́ńtì.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Irà!"

Lámídì dúró lẹ́yìn wọn. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ dìde. Kí ló wí fún yín?"

Ọmọ kan tó di irun kòlẹ́sẹ̀ ló dáhùn. Jọkẹ́ lorúkọ rẹ̀. "Ó ní ká má kúnlẹ̀, Bàbá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kúnlẹ̀?"

Jọkẹ́ wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. "Gbogbo àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, 'Dìde, má yọ ara rẹ lẹ́nu.' Bí èèyàn bá wá dúró lóòótọ́, wọ́n á lọ fẹjọ́ ẹ sùn nílé."

"Màmá ẹ á gbá ẹ létí pòó!" ni ọ̀kan nínú àwọn tó dọ̀bálẹ̀ wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ó ní kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ láyà ńkọ́?"

Ẹ̀rín dá. Wọ́n yọ́ ojú wo apá Ṣìfáwù, wọ́n wo ilẹ̀.

Tíṣà Bọ́sẹ̀dé ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ dákun. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọmọ ará Ẹsẹ̀-Irà láti máa kúnlẹ̀. Ẹ wá fẹ́ kí n kọ́ àwọn wọ̀nyí láti máa kí èèyàn bíi tiwọn?"

"Ẹ kọ́ ọmọ mi láti kúnlẹ̀?" ni Ṣìfáwù béèrè.

"Ó ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Lánàá, kí n tó yọ ojú lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wà nílẹ̀. Orí yín á wú bẹ́ ẹ bá rí i, mà."

Ṣìfáwù wá àga, ó jókòó. Tíṣà rò pé inú rẹ̀ ló dùn. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Lámídì padà sí yàrá ohùn. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó fi ìyá Bàbá Irà bẹ̀ wọ́n, ó sì mọ̀ pé wọ́n á ṣì kúnlẹ̀. Nígbà kẹta ó jágbe mọ́ wọn, iná pupa sì tàn, ìwé kékeré jáde lẹ́nu Òṣùwọ̀n: "Ìbínú yìí kò ní ìdí. Kí ló ń dun olóhùn?"

Ó ká ìwé náà, ó jù ú sílẹ̀.

Aago mẹ́ta lù.

"Kí lẹ máa ṣe, Bàbá?"

"Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí. Wọn ò kọ orúkọ mi sínú ìwé yẹn. Wọ́n mọ ìdí tí wọn ò fi kọ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀, ọmọ òkè á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá tèmi náà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ yìí. Bí ẹ bá mú ti àtijọ́, àwa ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn. Mi ò sì ní dárí jì yín."

"Mi ò ní kí o dárí jì mí."

Lámídì jókòó títí ó fi ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Ó wo àwo méjèèjì níwájú rẹ̀.

"Òkúta ṣeé rí," ó ní níkẹyìn. "Èèyàn lè sá fún un."

"Ràímì ò rí i sá fún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mú àwo àtijọ́, ó tì í bọ ẹ̀rọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀. Iná pupa tàn, kò sì kú. Ìwé jáde: "A ti sún òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti wọlé."

Ṣìfáwù dìde. Ó mú ìbòjú rẹ̀. "Mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi kúrò láàárín wọn kí ògiri tó tàn."

"Mò ń bá ọ lọ."

"Láti ṣe kí ni?"

"Màá dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀nà kan ló lọ sí Ẹsẹ̀-Irà. Bí àwọn ọmọ bá kó òkúta wá, tí wọ́n rí àgbà, wọ́n á padà."

Ṣìfáwù kò ní kó má wá.

Wọ́n ti mú Àrìnọlá níléèwé, wọ́n sì ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn nígbà tí ohùn náà bú láti orí òkè. Lámídì gbọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ igbe àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ìró ilẹ̀kùn tí àwọn ìyá ń tì. Àrìnọlá di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún méje ni.

"Màmá, ta ni yẹn?"

"Ẹnì kankan kọ́."

"Ó ń pariwo."

"Máa rìn."

Ibi tí òkè ti parí ni ọ̀nà tóóró náà ti bẹ̀rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, irà wà lọ́tùn-ún àti lósì. Lámídì dúró síbi tí ilẹ̀ ṣì ga.

"Mi ò kọjá ibí," ó ní.

Àrìnọlá yíjú sí i. Ọmọ náà tẹ orúnkún méjèèjì sílẹ̀, ó fà yẹ̀rì rẹ̀ bò wọ́n dáadáa, bí Tíṣà ṣe kọ́ ọ. "Ó dàárọ̀, Bàbá."

Ìyá rẹ̀ fa apá rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tó fi ké. "Dìde! O ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ mọ́! Fún ẹnikẹ́ni! Ṣé o gbọ́ mi?"

"Tíṣà ní..."

"Kò sí Tíṣà mọ́."

Wọ́n lọ. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń bojú wẹ̀yìn. Lámídì dúró títí tí kò fi rí wọn mọ́.

Wákàtí kan kọjá. Oòrùn ṣì wà lókè irà nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ òkè. Wọ́n tó méjìlá. Èyí tó dàgbà jù lọ kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Òkúta wà lọ́wọ́ wọn, ó wà nínú àpò wọn, àwọn kan fi etí aṣọ kó o. Ojú wọn wú fún ẹkún. Jọkẹ́ onírun kòlẹ́sẹ̀ wà láàárín wọn.

Wọ́n rí i. Wọ́n dúró.

Wọ́n gbé òkúta wọn sílẹ̀, kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Ẹ padà sílé," ni Lámídì wí.

"A ti gbọ́, Bàbá."

Wọ́n dìde. Wọ́n gbọn eékún wọn. Kálukú mú òkúta rẹ̀. Wọ́n pín sí méjì, wọ́n gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá, wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀ bí ọmọ tó ń gba iwájú àgbà kọjá, wọ́n ń ṣọ́ra kí aṣọ wọn má kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Jọkẹ́ mú. Ọmọ náà kò jà. Ó dúró jẹ́jẹ́, ó wo ilẹ̀.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ wọn ni, Bàbá. Kí wọ́n má bàa wá bá wa lálẹ́."

"Èmi ni ohùn yẹn. Èmi ni mo ń ké lórí ògiri. Kò sí nǹkan kan nínú omi."

Jọkẹ́ gbójú sókè. Ó wo àgbàlagbà náà àti irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ẹ má bẹ̀rù, Bàbá," ó ní. "A máa lé wọn lọ."

Ó rọra tú ìka Lámídì kúrò lára ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má bàa dun àgbà náà. Ó sáré bá àwọn yòókù.

Lámídì yíjú wò wọ́n. Wọ́n ti wà lórí ọ̀nà tóóró náà, wọ́n tò tẹ̀léra wọn, irà lápá méjèèjì. Wọ́n ń rìn ṣánṣán. Ọwọ́ kan di ọrùn mú, ọwọ́ kejì di òkúta mú. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.